Kíkó Ẹrù Ilé àti Ẹrù Òrìṣà Lọ Sílé Tuntun

  

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé àwọn bàbá wa, ojúbọ kì í kúrò lójú kan. Inú agbo ilé ni wọ́n bí èèyàn sí, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa bọ Òrìṣà rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sin ín sí. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń háyà ilé. Owó ilé lọ sókè, onílé ní ká jáde, iṣẹ́ gbé ọmọ lọ sí ìlú mìíràn, a sì ní láti kó tẹrù tòrìṣà dání. Mo ti rí ilé awo tí ohun ìní ìran mẹ́ta bàjẹ́ láàrin wákàtí kan. Kì í ṣe ọ̀tá ló bà á jẹ́ o. Wọn ò dì í dáadáa ni.

Èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, kó kúrò ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, lọ sí ilé tí a fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní apá Akínyẹlé. Ọdún 22 la lò nílé tí a háyà yẹn. Onílé wa àtijọ́ ti dolóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ ta ilé. Wọ́n fún wa ní ìwé oṣù mẹ́fà, bí òfin ṣe sọ fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, n kò sì bá wọn jà. Inú oṣù Kẹfà ni àsìkò náà pé. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò oṣù Kẹfà ṣe máa ń rọ̀ n'Ìbàdàn.

Kí a tó di páálí kan ṣoṣo, mo dá Ifá. Ohun tí Ifá ní ká ṣe, a ṣe é. Ti ilé mi nìyẹn, n kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ohun tí Ifá sọ fún Lágbájá kọ́ ló máa sọ fún Làkáṣègbè. Kí olúkúlùkù lọ bá olúwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí: ẹbọ ò gba ipò okùn. Ẹni tó rúbọ tán, tó wá gbé dígí lé irin lórí láìfi aṣọ sáàárín wọn, kó má wá sọ pé ẹbọ òun ò fín.

Ọmọ mi, Kẹ́hìndé, wá láti Èkó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà kó lè ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ dáadáa ni. Òun ló san owó mọ́tò. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ó wo yàrá káàkiri, ó wo àwọn àga wa àtijọ́, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tí ìyá ìyàwó mi fún un nígbà tí a ṣègbéyàwó, ó wá wo ojúbọ.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ta àwọn àga yìí, màá ra tuntun fún yín. Àwọn nǹkan Ifá náà, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò ìdọ̀họ, ká so ó, ká gbé e sísàlẹ̀ ẹrù. Àdúgbò tuntun lẹ̀ ń lọ. Àwọn tó yí ibẹ̀ ká, bí wọn ò bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí ni wọ́n ń lọ. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ yín nìyẹn."

Mo bi í pé, "Ère ìbejì ìyá rẹ ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn náà, sà."

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: àwọn méjì la bí lọ́dún 1989. Táíwò ò tíì pé ọdún méjì tó fi padà lẹ́yìn wa. A gbẹ́ ère fún un bí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá, ìyá rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn kùn ún, ó ń fún un ní ẹ̀wà. Ó ti lé ní 30 ọdún. Ojú àti imú ère náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú tán, ọwọ́ ìyá ló fi ń tẹ́jú bẹ́ẹ̀.

N kò bá ọmọ náà wí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á, kí wọ́n má lọ fojú burúkú wo èmi àti ìyá rẹ̀ nígbà tí òun bá wà l'Ékòó. Mo ní, "Kẹ́hìndé, o máa gbọ́ èsì mi lọ́jọ́ tí a bá ń dì í. Ní báyìí ná, lọ bá mi wá páálí."

Ohun tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà nìyí, kí ẹni tó bá fẹ́ kó lè rí i lò.

Ìwé àkọsílẹ̀ la kọ́kọ́ rà. A fún páálí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, a kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ àti yàrá tó ń lọ sínú ìwé. Páálí 41 ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó o sínú mọ́tò, ọmọ àbúrò mi obìnrin ń máàkì. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún ń máàkì. Kò sí ìjà, kò sí "ta ló gbé e". Inú ìwé yẹn náà la kọ iye tí a bá onímọ́tò sọ sí, àti pé owó àwọn ọmọkùnrin tó ń gbẹ́rù wà nínú ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí ẹrù tó wọ mọ́tò. Tí ẹrù bá ti wà lókè tán, ohùn onímọ́tò máa ń yí padà.

Àwo àti ife: ìwé ìròyìn la fi wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má to àwo ní ìdùbúlẹ̀ lórí ara wọn. Ẹ jẹ́ kó dúró ní ẹ̀gbẹ́ bí ìwé ṣe ń dúró nínú ṣẹ́ẹ̀fù. Àwo tó dùbúlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ló ń ru gbogbo wọn. Bí mọ́tò bá bọ́ sí kòtò, òun ló máa kọ́kọ́ sán. Ẹ fi aṣọ àlòkù tẹ́ ìsàlẹ̀ páálí, ẹ fi dí gbogbo àlàfo. Tí ẹ bá mi páálí tí ẹ gbọ́ ìró, ẹ tú u, ẹ tún un dì. Ìwé kíkà, páálí kékeré ni kí ẹ kó o sí, torí ìwé wúwo, ìdí páálí ńlá á já. Ìkòkò amọ̀ àti igbá, ẹ ki aṣọ sínú wọn, ẹ gbé wọn sínú bàsíà tí ẹ ti tẹ́ aṣọ sí, ẹ má gbé nǹkan kan lé wọn.

Bẹ́ẹ̀dì, ẹ tú u. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá kékeré, ẹ so ọ̀rá yẹn mọ́ igi bẹ́ẹ̀dì náà gan-an. Mo mọ ilé tí wọ́n ti sun ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí bóòtù mẹ́jọ. Tábìlì tó ní ẹsẹ̀ tó ṣeé tú, ẹ tú u. Kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kó ohun inú ẹ̀ kúrò, ẹ yọ dígí ẹ̀, ẹ fi aṣọ ìbora wé dígí náà, kó sì dúró lóòró nínú mọ́tò, kó má dùbúlẹ̀. Ẹ so ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù pa. Ibi tí okùn bá ti gba etí igi kọjá, ẹ fi aṣọ sí abẹ́ okùn, torí okùn tó le máa ń gé pólísì igi bí ọ̀bẹ.

Fíríìjì, ẹ yọ iná rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí yìnyín inú ẹ̀ yọ́ tán, ẹ nù ún gbẹ, ẹ so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìdúró ni kí ẹ gbé e lọ. Ọ̀gá tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wa ló ṣàlàyé fún mi pé òróró wà nínú ẹ̀rọ ìdí rẹ̀; tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, òróró yẹn á ṣàn lọ síbi tí kò yẹ kó lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá dé ilé tuntun, ẹ jẹ́ kó dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tan iná sí i. Bó bá jẹ́ pé ó dùbúlẹ̀ lọ́nà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Kẹ́hìndé fi fóònù ya àwòrán wáyà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kó tó yọ wọ́n, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́ gan-an.

Ẹ dà pẹtiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ jáde. Ẹ ti sílíńdà gáàsì pa, kó dúró ní òró níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kó má sí láàrin fóòmù. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e, ẹ má sì gbé e sítòsí aṣọ. Ìwé ilẹ̀, sàtífíkéètì àwọn ọmọ, oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ àti owó, ọwọ́ ara yín ni kí ó wà. Kó má wọ mọ́tò ẹrù rárá.

Kí ẹ tó kó ẹrù onígi wọ ilé tuntun, ẹ wo ilé náà fún ikán, ẹ sì wo ẹrù náà fún kòkòrò. Tí ẹ bá gbọn àga tí ìyẹ̀fun igi jáde, kòkòrò ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Àwa awo mọyì ìyẹ̀ tí kòkòrò ń lù jáde lára igi ìrosùn, orí ọpọ́n la ń dà á sí. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kí ọpọ́n fúnra rẹ̀ máa mú ìyẹ̀ wá! Ní Akínyẹlé, mo fi búlọ́ọ̀kù sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì jẹ́ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀, torí ilé tuntun ṣì ń gbẹ, omi wà lára ògiri rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la, ó kan ẹrù Òrìṣà. Mo pe Kẹ́hìndé jókòó.

Mo ní, "Wo àwọn páálí yìí. Àwo tí ìyá rẹ rà ní Dùgbẹ̀, o fi ìwé ìròyìn wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n, o fi aṣọ ìbora mi wé e. Ṣé ọpọ́n bàbá bàbá mi ló wá yẹ kó wà nínú àpò ìdọ̀họ pẹ̀lú irin Ògún, kí wọ́n máa gbá ara wọn láti Mọ́kọ́lá dé Akínyẹlé?"

Ó ní, "Bàbá, a lè fi aṣọ wé e kó tó wọ àpò."

Mo ní, "A lè fi wé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́, ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá jù."

Mo wá sọ ti awo ẹgbẹ́ mi kan fún un. Nígbà tí awo náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé kíákíá lóru, kí ará àdúgbò má baà rí i. Wọn ò jí i, wọn ò sì fẹ́ sun ún. Ìtìjú ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, wọ́n jù ú sókè mọ́tò. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wá rò ó wò lẹ́yìn ọdún méjì, tó ní òun fẹ́ tẹ̀fá, ọpọ́n bàbá wọn ti là sí méjì, ìrọ́kẹ́ ti ṣẹ́, ikin ò pé mọ́.

Mo tún sọ fún un pé ìjọba kò sọ pé ká fi í pamọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, fún gbogbo ọmọ ìlú láyè láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, nílé àti níta. Lọ́dún 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ayé ní ká tọ́jú rẹ̀, àwa wá fẹ́ fi àpò ìdọ̀họ gbé e. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti yé mi, sà." N kò mọ̀ bóyá ó yé e lóòótọ́ tàbí ó kàn fẹ́ lọ sùn.

Bí a ṣe di àwọn nǹkan náà nìyí. Ikin mi wà nínú àpò rẹ̀, àpò sì wà lára mi, kò sí ẹlòmíì tó gbé e. Ọpọ́n, mo nù ún gbẹ, mo fi aṣọ funfun wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má fi ọ̀rá wé igi gbígbẹ́. Ọ̀rá máa ń sé ooru àti omi mọ́ ọn, igi á bu. Ẹ má sì sá a sóòrùn nítorí pé òjò kàn án, torí igi tó bá gbẹ lójijì ló ń là. Inú ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ni kó ti gbẹ. Àárín fóòmù méjì ni ọpọ́n wa wà nínú mọ́tò, ojú rẹ̀ kọjú sókè, a ò gbé ẹrù lé fóòmù òkè.

Igi máa ń pẹ́ láyé tí a bá tọ́jú rẹ̀. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Ulm, ní Jámánì. Láti Allada, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ni wọ́n ti gbé e lọ, ó sì ti wà nínú ìwé tí wọ́n fi to ẹrù ẹni tó kó o jọ lọ́dún 1659. Ó ti lé ní 360 ọdún, ó ṣì wà.  Kí ló wá dé tí àwa tí a mọ̀ ọ́n ò ní lè gbé tiwa gba Òjòó kọjá?

Yangí Èṣù wúwo, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ máa ń ya. Inú bàsíà tí a da iyanrìn sí la gbé e sí, òun nìkan. Irin Ògún, mo fi epo pupa díẹ̀ pa á kó má baà dógùn-ún, mo wé e lọ́tọ̀.

Ó wá ku ọ̀pá òsùn. Gbogbo ọmọ awo mọ̀ pé òsùn kì í dùbúlẹ̀. Ìdúró ló ń wà, nílé àti lóde. Mo ti ronú lé e lórí tipẹ́. A wá ike ọ̀dà ńlá kan, a gbé ẹsẹ̀ òsùn sínú ẹ̀, a da iyanrìn tútù yí i ká, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. A so ike náà mọ́ igun mọ́tò, a fi aṣọ wé ọ̀pá náà níbi tí okùn gbà. Bó ṣe ṣiṣẹ́ nílé mi nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà yín kí ẹ tó ṣe tiyín.

Lọ́jọ́ náà, awakọ̀ rí òsùn, ó dúró. Ó ní, "Bàbá, ṣé nǹkan yìí ò ní ṣe mí ní nǹkan?"

Mo ní, "Irin ni. Tí o bá sáré jù, tó ṣubú, tó gbá ọ lórí, ohun tó lè ṣe ọ́ nìyẹn." Gbogbo àwọn ọmọkùnrin tó ń gbẹ́rù bú sẹ́rìn-ín. Kò sáré lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a fẹ́ gbéra, ojú ọ̀run ti ṣú. A ti ta tapólì bo ẹrù, a so etí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Ìyá Ìbejì jáde kẹ́yìn. Ó ti fi ọ̀já di ère Táíwò mọ́ àyà, ó fi ìborùn bò ó. Kẹ́hìndé sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e. Ọ̀nà jìn."

Ìyá rẹ̀ ní, "Kò wúwo. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà tẹ́lẹ̀."

Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún ìyá rẹ̀, ó nu àga fún un. Òun fúnra rẹ̀ gun ẹ̀yìn mọ́tò lọ, ó jókòó ti ike iyanrìn, ó fọwọ́ kan di òsùn mú. Nígbà tí òjò dé bá wa lẹ́yìn Mónìyà, mo wo ẹ̀yìn, mo rí i tó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó fi bo orí òsùn. Òun ń tutù.

Nígbà tí a dé, ọkùnrin kan jáde láti ilé kejì. Láìbi í, ó di ìdí kan kọ́bọ́ọ̀dù mú, ó bá wa gbé e wọlé. Nígbà tí a ń sọ òsùn kalẹ̀, ó dúró wò ó. Mo rí i pé Kẹ́hìndé ń wo ojú ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Bàbá. Bàbá ìyá mi ní irú eléyìí. Nígbà tí wọ́n kú, a kó kúrò nílé, a ò mọ ibi tó wọlé sí." Ó tún wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ń lọ gba àwọn ọmọ òun níléèwé.

A kò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn láti ọjọ́ náà. A jọ ń sọ̀rọ̀ iná àti omi kànga. Ọmọ rẹ̀ kékeré máa ń wá jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì.

Dígí kọ́bọ́ọ̀dù kan sán. Àga kan yọ ẹsẹ̀, káfíńtà sì ti tún un ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo páálí 41 pé, fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ọpọ́n ò ní àpá kankan. Ojúbọ wà ní yàrá àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, fèrèsé rẹ̀ ṣí sí ìta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa kó ẹrù àwọn òbí yín lọ́la, ẹ fara balẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́ ti ta ni, ibi tó ti wá, àti bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má dúró dìgbà tí onílé bá fún yín níwèé kí ẹ tó mọ ohun tó wà nílé yín.

Ibi tí a bá kó lọ, kó san wá. Ẹrù wa ò ní fọ́, ilé wa ò ní dahoro. Ire gbogbo o. Àṣẹ.